Ẹgbẹ́ Wa àti Báǹkì Oúnjẹ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí bí ẹgbẹ́ bíi tiwa ṣe lè da ọwọ́ pọ̀ mọ́ báǹkì oúnjẹ, kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara wa. Ní Ràmàdáànì kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ẹgbẹ́ wa dáwó, a ra ìrẹsì àti ẹ̀wà, a sì dì í sínú ọ̀rá. Ó jẹ́ ìdì 60. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé kí àwọn aláìní máa bọ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, èrò ti kún iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀ rí. Àwọn tí ara wọn le ni ó dé iwájú. Láàárín ìṣẹ́jú 20, ìdì 60 ti tán, ilẹ̀kùn ọgbà ti yẹ̀, ọmọ kékeré kan sì ti fi ẹsẹ̀ pa. A ya fọ́tò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, a túká.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa yà kí ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí rárá. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá yìí, kì í lè jáde mọ́. Omi àti búrẹ́dì ni ó fi ṣínu. Ó bi arábìnrin wa pé, "Ọmọ mi, mo gbọ́ ariwo yín lọ́sàn-án. Kí ni ẹ ń pín?" Arábìnrin wa kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún wa ní ìpàdé, ojú ti gbogbo wa.

Èyí tí ó burú ju tiwa lọ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2024, oúnjẹ wọ́n gógó: nígbà tí ó fi di oṣù Júùnù, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ḿbà ọdún náà, ọmọdé 35 ni ó kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi àríyá àwọn ọmọdé ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ọjọ́ 3 lẹ́yìn náà, ẹ̀mí tún sọnù nínú èrò tí ó wá gba oúnjẹ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní Abuja. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé àníyàn rere nìkan kò tó. Bí èrò bá pọ̀ tí kò sí ètò, oúnjẹ lè di ikú.

Nítorí náà, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a kò kéde mọ́. A lọ láti ilé dé ilé, a kọ orúkọ. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ilé 83 ni ó wà nínú ìwé wa, owó tí ó wà lọ́wọ́ akápò kò sì ju ti ilé 30 lọ. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé iṣẹ́ yìí ju agbára àpò wa lọ, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí nípa báǹkì oúnjẹ.

Kí ni báǹkì oúnjẹ?

Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ John van Hengel, ó ń ṣèrànwọ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn aláìní. Ó pàdé obìnrin kan tí ó ń ṣa oúnjẹ tí ilé ìtajà dànù láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin yìí ni ó sọ fún un pé ó yẹ kí ibì kan wà tí a ó máa kó irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, bí a ti ń kó owó pamọ́ sí báǹkì, kí ẹni tí kò ní lè rí i gbà. Ní ọdún 1967, a dá St. Mary's Food Bank sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọdún 1984, irú rẹ̀ dé Paris. Ní ọdún 2006, a dá ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó so àwọn báǹkì oúnjẹ pọ̀ sílẹ̀, Global FoodBanking Network. Ní tiwa níbí, Michael Sunbola dá Lagos Food Bank Initiative sílẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 2015. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní ọdún 2020, ó wà lára àwọn tí ó gbé oúnjẹ dé ilé àwọn aláìní.

Níbo ni oúnjẹ náà ti ń wá? Ní ọdún 2011, àjọ FAO ti àgbáyé kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta oúnjẹ tí a ń pèsè fún ọmọ ènìyàn ni ó ń ṣòfò. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Mile 12 ní ìrọ̀lẹ́ kò nílò ẹ̀rí mìíràn, ó ti rí tòmátì àti ata tí ó ń rà nílẹ̀. Báǹkì oúnjẹ a máa gba oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, àgbẹ̀ àti ọlọ́jà: èyí tí páálí rẹ̀ tẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe jù, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń sún mọ́lé ṣùgbọ́n tí kò tíì kọjá. Wọn a ṣà á, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a kó o sí ilé ìkẹ́rùsí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn báǹkì wọ̀nyí kì í fi ọwọ́ ara wọn pín gbogbo oúnjẹ náà. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n ń gbà pín in. Ní Amẹ́ríkà, báǹkì oúnjẹ tí ó lé ní 200 ni ó ń bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 60,000 ṣiṣẹ́. Báǹkì oúnjẹ dà bí ọlọ́jà ńlá tí ń já àpò àpò; àwa ẹgbẹ́ dà bí aláàtẹ tí ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Kì í ṣe agbe ni a ó bá lọ

Àwọn kan nínú wa rò pé bí a bá lọ sí báǹkì oúnjẹ, a lọ tọrọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Báǹkì ní oúnjẹ, ó ní ọkọ̀, ó ní sítọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí sítọ̀ tí ó mọ opó tí kò dáná láti àná, tàbí bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ojú ń tì láti sọ. Àwa ni a mọ̀ wọ́n. Àwọn arábìnrin wa tún mọ̀ wọ́n jù wá lọ, nítorí wọ́n ń wọ inú ilé. Ìmọ̀ yìí ni ìdókòwò tiwa. Bí ó bá péye, báǹkì yóò gbẹ́kẹ̀ lé wa. Bí kò bá sí, a ó kàn ṣí ibi tí a ti ń jìjàdù láti iwájú mọ́ṣáláṣí kan lọ sí òmíràn ni.

Ohun 5 tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ìwé ẹgbẹ́. Báǹkì yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó ń bá lò. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àdírẹ́sì tí kì í yí padà, àti ẹni 2 tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹgbẹ́ wa kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, kí a bẹ mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ńlá tí ó ti forúkọ sílẹ̀ kí ó dúró fún wa. Kí a béèrè gbogbo nǹkan ṣáájú: irú oúnjẹ wo, ní ọjọ́ wo, ta ni yóò san owó ọkọ̀? Kí a kọ àdéhùn náà sílẹ̀.

2. Ìwé orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a lọ ní méjì méjì. Kí àwọn arábìnrin lọ sí ilé àwọn opó. Kí a béèrè pé: ènìyàn mélòó ni ó ń jẹun nínú ìkòkò yìí? Ṣé aboyún wà, tàbí ìyá ọlọ́mọ ọwọ́? Ṣé a rí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé kẹrosíìnì tàbí èédú wà láti fi dáná? Ẹ̀wà tútù kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi sè é. Kí a kọ orúkọ aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ebi kò mọ ẹ̀sìn. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan. Àṣírí ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀.

3. Ibi ìpamọ́. Yàrá tí ó gbẹ, tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí a gbé àpò lé orí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì fara ti ògiri. Kẹrosíìnì, ọṣẹ àti oògùn kòkòrò kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ gbé yàrá kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà, májèlé ni. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Agolo tí ó bá wú, kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá ní fíríìjì, kí a má gba ẹran tàbí ẹja tútù àyàfi tí a ó pín in tán lọ́jọ́ náà.

4. Pípín. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sinmi. Kí a fún ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì kékeré tí a kọ wákàtí sí, ilé 10 ní ìdajì wákàtí kan. Àwọn tí kò lè rìn, kí a gbé tiwọn lọ bá wọn kí a tó pín ti ẹlòmíràn. Kí a má ya fọ́tò ojú ẹni tí ń gbà. Bí báǹkì bá fẹ́ ẹ̀rí, kí a ya oúnjẹ náà àti àwa tí a gbé e. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Suuratul-Baqarah pé ìrègún àti ìpalára a máa ba sàárà jẹ́. Fọ́tò tí ojú ìyá onílé ti wà ní ìta gbangba lè di ìrègún tí kò ní tán.

5. Ìṣirò. Àmáánà ni oúnjẹ yìí. Kí a kọ èyí tí ó wọlé, èyí tí ó jáde àti èyí tí ó bàjẹ́. Bí páálí 3 bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀; ìròyìn òtítọ́ tí kò dùn dára ju èyí tí a tún ṣe lọ. A kò gbọdọ̀ tà á. Bí ebi bá ń pa ọmọ ẹgbẹ́ tí ń bá wa pín in, kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé bíi ti àwọn yòókù. Kí ó má di ohun tí a ń fà sápá kan.

Ìbéèrè 2 tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá

Àkọ́kọ́: ṣé ó tọ́ kí a bá ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti Mùsùlùmí da ọwọ́ pọ̀? Ẹ rántí Hilful-Fuduul. Kí iṣẹ́ Ànábì wa tó dé, àwọn ará Mẹ́kà kan pàdé ní ilé Abdullahi ọmọ Jud'an, wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn yóò dúró ti ẹnikẹ́ni tí a bá rẹ́ jẹ, ìbáà ṣe àlejò. Ànábì wa, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé, ó jẹ́ kí ó yé àwọn sàhábà rẹ̀ pé bí a bá tún pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Iṣẹ́ rere kì í di àjèjì sí wa nítorí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èkejì: haláàlù àti sàká ńkọ́? Kí a sọ fún báǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a kì í gba ohun tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Kí a ka ara agolo kí a tó gbà á. Ní ti sàká, ìsọ̀rí ènìyàn 8 ni Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún un. Kí owó sàká dá wà, kí owó sàárà dá wà. Owó ọkọ̀ àti owó ọ̀rá, inú sàárà ni kí a ti mú un. Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ fi owó sàká kún un, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àáfà yín.

Ìparí

Bí kò bá sí báǹkì oúnjẹ nítòsí yín, ẹ má jókòó dè é. Ẹ kọ ìwé orúkọ tiyín, ẹ tọ́jú yàrá, ẹ bẹ àwọn ọlọ́jà kí wọ́n máa fún yín ní ohun tí ó kù ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣì dára. Ẹgbẹ́ tí ó ti ní ìwé àti ètò ni báǹkì yóò dá lóhùn lọ́jọ́ tí ó bá dé.

Orúkọ ìyá àgbà tí a sọ níṣàájú ni ó wà ní ìlà kìíní ìwé tiwa. Kò ní gbọ́ ariwo wa mọ́, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ìró ọwọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí ebi ń pa aládùúgbò wa. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Ilé mélòó ni ó wà ní àdúgbò yín tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò wọ̀ rí?
2. Ta ni ẹ lè fi ìwé orúkọ ṣọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Bí oúnjẹ ilé 30 bá dé tí ilé 83 sì wà nínú ìwé, àwọn wo ni ẹ ó kọ́kọ́ fún, báwo ni ẹ ó sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò kàn?