Èsúsú, Àjọ àti Ìfowópamọ́ Orílẹ̀-Èdè

Nínú èsúsú, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ máa ń dá iye kan náà jọ, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa yí títí yóò fi kan oníkálukú. Ti àjọ yàtọ̀: owó tí oníṣòwò ń dá fún alájọ lójoojúmọ́ ni yóò gbà padà lópin oṣù, lẹ́yìn tí alájọ bá ti mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe méjèèjì ní àjọ báyìí, èyí kò sì dára tó, pàápàá fún ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ní Bonamoussadi, ní ìlú Douala, ohun tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní tontine, tí àwọn tó ń sọ Píjìn ń pè ní njangi, èsúsú gan-an ni. Kò sí alájọ kankan nínú rẹ̀.

Ìfowópamọ́ orílẹ̀-èdè kì í ṣe èsúsú, kì í ṣe àjọ, kì í sì í ṣe owó tó wà ní báńkì tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè tí ìjọba tọ́jú. Àṣẹ́kù ni: gbogbo owó tó wọlé fún àwọn ará ìlú àti ìjọba lọ́dún kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí wọ́n ná tán lórí jíjẹ, mímu, aṣọ, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àti irú wọn. Ẹni tó bá fi njangi rẹ̀ ṣe òkú ti ná an. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ kọ́ ilé ti fi owó pamọ́, bí owó náà kò tilẹ̀ dé báńkì rí. Bí wọ́n bá sọ pé “àpapọ̀” ìfowópamọ́ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò tíì yọ iye tí ilé, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gbó sí láàárín ọdún.

Ìfowópamọ́ “ti orílẹ̀-èdè” àti “ti abẹ́lé” kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ra wọn. Bí ọmọ Yorùbá tó ti fi Bonamoussadi ṣe ibùgbé bá fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn, owó náà wọ ìṣirò ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó sì jáde nínú ti Kamẹrúùnù. Kò kan ìṣirò ti abẹ́lé. Fún Nàìjíríà, tí owó àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń wọlé sí lọ́pọ̀lọpọ̀, ìyàtọ̀ yìí tóbi gan-an.

Àwọn ènìyàn Nàìjíríà lé ní igba mílíọ̀nù. Ti Kamẹrúùnù jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Nítorí náà, bí a bá ń fi ìfowópamọ́ ìlú méjèèjì wéra, ìdá tó jẹ́ nínú owó tí ìlú pa ni à ń wò, kì í ṣe iye. Ibí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé. “Ìdá márùn-ún” owó ìlú jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún, ìyẹn ogún nínú ọgọ́rùn-ún. “Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún” kò ju ìdá ogún lọ. Akọ̀ròyìn tó bá gé “nínú ọgọ́rùn-ún” kúrò ti sọ márùn-ún di ogún.

Bí ìfiwéra bá gba ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, “owó pọ̀ sí i” yàtọ̀ sí “owó níyì sí i”. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín iye sẹ́fà tí Kamẹrúùnù ń ná kù sí ìdajì sí owó Faransé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà já wálẹ̀ gidigidi nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Iye náírà tí a kọ sílẹ̀ lè ga nígbà tí ohun tó lè rà ń dínkù. Bákan náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà fi ọdún 2010 rọ́pò 1990 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀, àpapọ̀ ohun tí ìlú ń pèsè lọ́dún 2013 sì fi nǹkan bí ìdá mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Ọrọ̀ ìlú lé sí i” kò tọ́ níbẹ̀. “Wọ́n tún un kà” ló tọ́. Ìdá tí a ṣírò sórí ìpìlẹ̀ àtijọ́ kò ṣeé tò mọ́ èyí tí a ṣírò sórí tuntun, àfi bí wọ́n bá tún ti àwọn ọdún ìṣáájú ṣírò.