Ẹ Bi Olórí Kẹ́ Ẹ Tó Fárí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ ló yẹ kó fetí sí òwe yìí jù, torí ẹni tó ń wá ire fún gbogbo ènìyàn kì í sábà rí ìdí tó fi yẹ kóun béèrè.

Ẹ wo Julius Nyerere, tó jẹ́ ààrẹ Tànsáníà nígbà kan. Kì í ṣe ẹni tó ń kówó ìlú jẹ. Lọ́dún 1967, ní Arusha, ó gbé ètò Ujamaa kalẹ̀: kí àwọn àgbẹ̀ tí ilé wọn fọ́n ká sínú oko kóra jọ sí abúlé, kí ìjọba lè kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn fún wọn, kó sì fa omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fipá kó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ara àwọn ènìyàn kò yá sí i. Nígbà tó di 1973, ó sọ ọ́ di àṣẹ: kí 1976 tó parí, gbogbo ará oko gbọ́dọ̀ ti wà ní abúlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n wó ilé, wọ́n dáná sun òmíràn, kí onílé má baà padà. Àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn ló ṣí kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn níbi tó jìnnà sí oko wọn, ọ̀dá sì tún dá lásìkò náà, títí ìjọba fi ń ra ọkà láti òkè òkun.

Òótọ́ ni pé ilé ìwé pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì mọ̀wé kà. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó kọ̀ láti kó lọ mọ ilẹ̀ tó ń gbomi dúró àti èyí tí kì í gbà á dúró. Kíkọ̀ tó kọ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ìjọba ò bi í. Agídí ni wọ́n pè é.

Ìwọ náà tó fẹ́ mú ìyá rẹ kúrò lábúlé wá sí Èkó nítorí ìlera rẹ̀, bi í léèrè nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, kí ìtìjú lójú àwọn àbúrò rẹ má baà tì í sí ohun tí kò fẹ́. Jẹ́ kó kọ́kọ́ wá lo oṣù kan, má ta ewúrẹ́ rẹ̀, má gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Bó bá ní òun ò lọ, jókòó tì í kó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Bó o bá sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ ń sọ pé, "Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọ̀la," dá ọkọ̀ tó o ti háyà padà ná.