Àgbádárìgì: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ àti Olùkàwé

Nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì kì í pẹ́ lẹ́nu wa. A ó sọ ti igi Agíà, a ó sọ ti Kérésìmesì àkọ́kọ́, a ó sì yára kọjá sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ìlú náà ti wà tipẹ́ kí Ìyìnrere tó dé ibẹ̀, ọjà tí ó sì ń ná kì í ṣe ti iyọ̀ àti epo nìkan. Li oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, àwọn Ègùn sì ni ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀. Àdúgbò mẹ́jọ ni ó ní, olúkúlùkù pẹ̀lú olóyè tirẹ̀. Omi ọ̀sà yìí a máa gbé ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn, a sì máa gbé e lọ sí Èkó ní ìlà-oòrùn. Nígbàtí ọba Dàhómì ṣẹ́gun Allada li ọdún 1724, tí ó gba Ouidah li ọdún 1727, tí ó sì pa Jakin run li ọdún 1732, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí ìhà ibí yìí. Oníṣòwò ará Họ́lándì kan, Hertogh, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Huntokonu, wà lára àwọn tí ó kó òwò wọn kúrò ní Jakin wá sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni a sì pa á li ọdún 1738. Dàhómì kò fi ìlú náà lọ́rùn sílẹ̀: li ọdún 1784 ni ó borí rẹ̀, Ọ̀yọ́ sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àwọn tí ó sá fún oko ẹrú ni ó fi Àgbádárìgì ṣe ibi ààbò, ìlú kan náà sì di ọjà tí a ti ń ta ọmọ ẹlòmíràn. A ó kó àwọn ẹrú la ọ̀sà kọjá sí Gbẹrẹfu, wọn ó fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn dé etí òkun, ọkọ̀ yóò sì gbé wọn lọ sí Bràsílì àti ibòmíràn. Kò tọ́ kí a sọ fún àwọn ọmọ pé òyìnbó nìkan ni ó ṣe é. Òyìnbó ni ó li ọkọ̀. Ẹni tí ó jagun mú wọn, ẹni tí ó dè wọ́n, àti ẹni tí ó gba ìbọn àti ọtí dípò wọn, ènìyàn dúdú bí tiwa ni. Òfin Ìlú Ọba ti 1807 kò dá òwò náà dúró níbẹ̀. Li ọdún 1827, nígbàtí Richard Lander padà dé láti ìrìnàjò rẹ̀ sí òkè, àwọn ará Potogí tí ń ra ẹrú fi ẹ̀sùn kàn án pé amí ni, a sì mú kí ó mu oró ìdánwò. Ó bì í, kò sì kú.

Ìlú bẹ́ẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí li ọjọ́ 24 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 1842. Henry Townsend ti CMS dé ní Dìsẹ́ńbà ọdún náà, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ṣe ọdún Kérésìmesì níbẹ̀. (Àwa tí ń jiyàn lórí ìjọ tí ó kọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn fúnra wọn jọ jọ́sìn ni.)

Ní January 1845 ni Townsend padà wá pẹ̀lú Gollmer àti Samuel Crowther. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Aya Gollmer kú níbẹ̀ li ọdún náà. Ẹ ro ti Crowther: li ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣógùn, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á li ọdún 1822. Nísinsìnyí ó ń wàásù fún àwọn tí òwò wọn jẹ́ irú èyí tí a fi òun fúnra rẹ̀ ṣe. Àwọn tí ó gbọ́ pọ̀. Àwọn tí ó yípadà kò tó nǹkan. Li ọdún 1846 ni ọ̀nà là, ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún náà ni ó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Lẹ́yìn èyí, ìyókù ìtàn náà kò gùn. Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí ìtẹ́, wà ní Àgbádárìgì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní June 1851, iná sì jó ìlú náà. Ní Dìsẹ́ńbà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, a dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́, Gollmer ṣí lọ sí Èkó li ọdún 1852, òwò sì tẹ̀lé e. Li ọdún 1863 ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Igi Agíà wó li ọdún 1959. Òpó ìrántí ni ó wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì CMS, tí a parí li ọdún 1845, ṣì dúró. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà sílé láti ibẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ kọjá sí Gbẹrẹfu pẹ̀lú wọn, kí ẹ rin ọ̀nà iyanrìn náà dé etí òkun, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ta ni ẹni tí ó mú okùn lọ́wọ́.