BÍ A ṢE Ń KUN ÀWÒRÁN Ẹ̀YÌN FÚN RÉLÙWÉÈ ONÍPÁÁLÍ

Gbogbo yín lẹ rí rélùwéè onípáálí tí àwa SS2 kọ́ fún ọjọ́ àfihàn. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀run, ọ̀sà àti igbó, èmi ni mo kùn ún. Èyí tí mo kọ́kọ́ kùn bàjẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ tòní.

Blue Line tó ń ná Marina sí Mile 2 la wò kọ́ ọkọ̀ náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ojú irin kò tíì dé Ìkòròdú, kò sì tíì dé Ẹ̀pẹ́, la bá ní kí ọ̀sà tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi búlúù kan náà kun ọ̀run àti omi, mo fi àwọ̀ ewé tó ki kun igbó. Ọmọ JSS1 kan wò ó, ó ní, "Síníọ̀, ṣé ọkọ̀ yìí ti rì ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, torí owó ọ̀dà ti tán, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré.

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé màmá mi lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Mo dúró létí ọ̀sà, mo wò ó dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi tó wà nítòsí dúdú, ó hàn kedere. Igbó òdìkejì rí bí èéfín. Ọ̀run ki lókè orí mi, àmọ́ ó ń funfun bọ̀ bó ṣe ń sún mọ́ omi. Eruku àti ìrì inú afẹ́fẹ́ ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Bí nǹkan bá ṣe jìn tó ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá tó.

Bí mo ṣe tún un kùn nìyí:

1. Fa ìlà ibi tí ọ̀run ti pàdé omi. Kí ó ṣe déédéé ojú ẹni tó ń wò ó. Tèmi àkọ́kọ́ ga jù, ìdí nìyẹn tí omi fi dà bí ẹni bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

2. Emulsion ni kí o lò. Ọ̀dà tó ń dán á máa kọ mànà lábẹ́ iná.

3. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, máa fi funfun kún búlúù díẹ̀díẹ̀.

4. Fi funfun àti búlúù díẹ̀ lú àwọ̀ ewé fún igbó òkèèrè. Fóòmù ni kí o fi tẹ̀ ẹ́, má ya ewé kọ̀ọ̀kan.

5. Má ká páálí ní igun. Jẹ́ kó tẹ̀ roboto, kí ìlà má bàa là ọ̀run sí méjì.

Ẹ̀kù emulsion funfun tí aládùúgbò wa fi kun ilé ni mo tọrọ. Mi ò ra búlúù míì rárá.

Lọ́jọ́ àfihàn, ọmọ JSS1 yẹn tún dé. Ó wò ó títí, ó ní, "Síníọ̀, ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí máa dé Ìkòròdú?"

Mi ò mọ ìdáhùn ìyẹn. Àmọ́ kò bi mí mọ́ bóyá ó ti rì.