KÍ A TÓ GBÉ ỌKỌ̀ ẸGBẸ́ GA

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a ó kà lónìí. Ẹ mọ bí ọ̀nà oko wa ti ń rí nígbà òjò. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ dúdú ń lẹ̀ mọ́ táyà bí àtè. Ní ìhà Kétu, àgbàrá ń gbẹ́ kòtò sáàrin ọ̀nà. Ní ìhà Ṣábẹ̀, òkúta ló ń yọrí síta.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Wọ́n fi owó ìkórè ọdún méjì ra ọkọ̀ bàṣé àlòkù kan. Òun ló ń kó àgbàdo àti gàrí lọ sọ́jà. Òun náà ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru. Nígbà tí òjò dé, abẹ́ ọkọ̀ ń gbá ilẹ̀. Ó rì lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù kan. Ẹgbẹ́ pe ìpàdé.

Awakọ̀ ní: «Bàbá alága, ọkọ̀ yìí ti kúrú jù. Ẹ jẹ́ ká fi igi sábẹ́ sípíríǹgì rẹ̀, ká sì ra táyà ńlá. Owó díẹ̀ ni yóò ná wa.»

Ìyá kan, tó máa ń bá ẹrù lọ sọ́jà, dáhùn pé: «Ọmọ mi, bí ó bá ga tán, ṣé kò ní í dà wá nù?»

Ọ̀rọ̀ gidi wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Kí ló ń kan ilẹ̀?

Kí ẹ tó ná fránkì kan, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ kó ẹrù tó máa ń rù sínú rẹ̀. Ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi méjì:

- kókó irin ńlá tó wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì;
- abẹ́ ara ọkọ̀, níbi tí sàlẹ́ńsà àti táǹkì epo wà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí a bá gbé sípíríǹgì ga, ara ọkọ̀ nìkan ló ń ga. Kókó irin ẹ̀yìn kò kúrò níbi tó wà, nítorí pé orí táyà ló dúró lé. Táyà tó tóbi ló lè gbé kókó irin náà ga. Nítorí náà, bí kókó irin ló ń gbá ilẹ̀, owó tí ẹ bá ná sórí sípíríǹgì yóò ṣòfò.

2. Ẹ kọ́kọ́ tún èyí tó wà ṣe

Sípíríǹgì ẹ̀yìn bàṣé jẹ́ irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn, tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ó bá gbó, tàbí bí ẹrù bá ti ń pọ̀ jù fún ọjọ́ pípẹ́, kò ní í tẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á sì rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń pè ní kúkúrú, kì í ṣe kúkúrú. Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ irin tó ti ṣẹ́. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀kì náà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àmọ́tìsọ̀. Bí epo bá ń jò lára rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ẹrù kù. Bí ẹ bá fi àpò mélòó kan sílẹ̀, ọkọ̀ á ga díẹ̀ láìná owó kankan.

3. Ìṣirò táyà

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ká ní wọ́n kọ 205/70 R 15:

- 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà;
- 70 sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ 70 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀;
- 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2,54.

Ẹ̀gbẹ́ kan: 205 × 70 ÷ 100 = mìlímítà 143,5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 14,35.
Ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀: 14,35 × 2 = 28,7.
Rímù: 15 × 2,54 = 38,1.
Gíga táyà: 28,7 + 38,1 = sẹ̀ǹtímítà 66,8.

Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà fún táyà 225/75 R 15, ẹ ó rí sẹ̀ǹtímítà 71,85. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ọkọ̀ á fi 5 ga sí i? Rárá o. Ìdajì rẹ̀ wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2,5 péré ni abẹ́ ọkọ̀ fi máa ga.

4. Ohun tí táyà ńlá ń gbà lọ́wọ́ wa

Táyà ńlá ń fún wa ní nǹkan, ó sì ń gba nǹkan.

Ó ń tan aago eré jẹ. Pẹ̀lú táyà kejì yìí, bí aago bá kà 80, eré 86 lẹ ń sá. Ó ń wúwo fún ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Bíréèkì náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú ọkọ̀ dúró. Ó sì lè máa ha ara ọkọ̀. Ẹ di ẹrù, kí ẹ yí ìdarí sọ́tùn-ún àti sósì títí dé òpin, kí ẹ wò ó. Ẹ bi mẹkáníkì bóyá rímù yín lè gbà á.

Nínú ẹrẹ̀, ojú táyà ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ jinlẹ̀, tí àlàfo wà láàrin rẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè máa bọ́. Kí ó sì jẹ́ táyà akẹ́rù.

Bí táyà àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ má rà á, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

5. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé e ga

Ẹ má fi igi sí i láé. Igi ń là, igi ń jẹrà, ọkọ̀ á sì bọ́ lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tó ń sáré.

Lẹ́yìn ọkọ̀, a lè fi irin pẹlẹbẹ kan kún sípíríǹgì. Ó ń gbé ọkọ̀ ga, ṣùgbọ́n yóò máa ta wá sókè bí ọkọ̀ bá ṣófo. Ẹ̀rọ àti férémù kò sì tìtorí rẹ̀ lágbára sí i: ẹ má fi ẹrù kún un. Àwọn kan ń fi búlọ́ọ̀kù irin sáàrin sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà. Ẹ má to méjì léra wọn. Ẹ má sì fi í síwájú láé.

Sẹ̀ǹtímítà 5 ti tó. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò:

- Rọ́bà bíréèkì. Ẹ fi jáàkì gbé ara ọkọ̀ títí táyà á fi máa rọ̀ sílẹ̀. Bí rọ́bà náà bá nà gan-an, ó lè já.
- Bíréèkì ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn tó ń wo bí ẹrù ti pọ̀ tó. Bí ara ọkọ̀ bá ga, ó máa ń ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Kí mẹkáníkì tún un tò.
- Ìdúró táyà iwájú. Bí kò bá gún, táyà tuntun yín á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

6. Ìdáhùn fún ìyá wa

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn lè yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kíá. Ẹni tó ru ìkòkò omi sórí kò gbọdọ̀ yà bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù ti ń ga ni ó ń yá láti ṣubú. Ọkọ̀ rí bẹ́ẹ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ga, ẹ rọra ní ìyànà, ẹ to ẹrù wúwo sísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí ẹrù.

Kí ni ẹgbẹ́ náà ṣe? Wọ́n wọn abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n pààrọ̀ irin sípíríǹgì méjì tó ti ṣẹ́. Wọ́n ra táyà mẹ́rin tí ojú wọn jinlẹ̀, tó ga díẹ̀. Wọ́n fi igi sílẹ̀ fún ààrò. Owó tó kù, wọ́n fi tún bíréèkì ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ DÁHÙN

1. Kí ló ń ga bí a bá gbé sípíríǹgì ga? Kí ni kò ní í ga?
2. Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ lo igi?
3. Ẹ wá nọ́ńbà ara táyà ọkọ̀ kan lábúlé yín. Ẹ ṣírò gíga rẹ̀.
4. Ká ní táyà kan jẹ́ 60.000 fránkì. Èló ni mẹ́rin? Bí ẹgbẹ́ bá ní 300.000, èló ló kù fún bíréèkì?
5. Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì: ta ni ń jókòó sórí ẹrù lábúlé wa, kí la lè ṣe sí i?