Dídán Ọ̀bẹ Olówó Pọ́ọ́kú Wò

Ẹni tí ó bá ń gbé inú ilé lè yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ aládùúgbò bí tirẹ̀ bá ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ igbó lọ, tí ó sì jìnnà sí ilé, kò lè rí ẹni tí yóò yá a. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo tí ó so mọ́ ìgbànú rẹ̀ ni yóò fi gé okùn, òun ni yóò fi la igi ìdáná, òun ni yóò fi gbẹ́ èèkàn àgọ́, òun náà ni yóò sì fi gé ẹran tí yóò jẹ. Bí ọ̀bẹ yìí bá ṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo igi ilẹ̀ ti tutù, olúwarẹ̀ lè má rí iná dá. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn bèèrè nígbà tí ó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ kì í ṣe "Èló ni?" nìkan, ó tún yẹ kí ó bèèrè pé, "Ṣé yóò bá mi kalẹ́?" Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Ìwúlò dídán ọ̀bẹ wò ni pé kí ọ̀rọ̀ náà lè yé olúwarẹ̀ kí ìgbẹ̀yìn tó dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀bẹ tí owó rẹ̀ kéré kò lè níláárí. Ìtàn ọ̀bẹ Mora fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Mora jẹ́ ìlú kan ní ẹkùn Dalarna ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ní etí adágún Siljan. Láti ayébáyé ni àwọn ará agbègbè náà ti ń rọ ọ̀bẹ. Ní ọdún 1891, Frost-Erik Erson dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Östnor, abúlé kan nítòsí Mora. Ní ọdún 1912, Krång-Johan Eriksson dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè kan náà. Ó pẹ́ tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ti ń ṣe ọ̀bẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan ṣoṣo ní ọdún 2005. Morakniv ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà lónìí. Káfíńtà, apẹja, ọmọ ogun àti ọmọ ilé-ìwé tí ń kọ́ iṣẹ́ igi ni ó ń lo ọ̀bẹ wọn. Owó rẹ̀ kò wọ́n, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í fi ọ̀ṣọ́ tí kò wúlò sí i lára.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ wọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Companion. Irin rẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn tó mílímítà 2.5. Ike ni èèkù rẹ̀, ike náà sì ni àkọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ àpò tí a ń ká wọnú èèkù. Ojú kan ni irin rẹ̀ dúró sí gbọingbọin.

Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ bí ọ̀bẹ yóò ti pẹ́ tó. Èkíní ni irin tí wọ́n fi ṣe é. Irin lásán rọ̀ jù fún ọ̀bẹ. Ìgbà tí ó bá ní kábọ́ọ̀nù nínú, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú èédú, ni ó tó lè mú. Kábọ́ọ̀nù yìí kì í pọ̀: nínú ọ̀pọ̀ irin ọ̀bẹ, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Èkejì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fi iná sí i. Wọ́n á mú irin náà gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì rì í bọ inú omi tàbí òróró kí ó lè tutù lójijì. Nígbà náà ni yóò le, ṣùgbọ́n yóò tún máa ṣẹ́ bíi dígí. Wọ́n á wá yá a níná lẹ́ẹ̀kejì, tó nǹkan bí ìwọ̀n 200, kí líle náà lè dín díẹ̀, kí irin náà sì lè yi. Níhìn-ín ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Irin tí ó le púpọ̀ kì í tètè kúnu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ a máa hán; irin tí ó rọ̀ jù kì í hán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ a máa tẹ̀, ìpọ́n rẹ̀ kì í sì í tán. Ní ọdún 1919, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Hugh Rockwell àti Stanley Rockwell, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ kan tí ń wọn líle irin. Ẹ̀rọ náà a máa tẹ ohun líle kan mọ́ irin, a sì máa wọn bí ó ti wọlé jìn tó. Fún irin ọ̀bẹ, ṣóńṣó dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń lò. Láàárín 56 sí 60 lórí òṣùwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ igbó tí ó dára máa ń wà.

Ẹ̀kẹta ni ìrù irin náà, èyíinì ni apá tí ó wọ inú èèkù tí ojú kò rí. Bí ìrù yìí bá gba inú èèkù já dé ìdí, ọ̀bẹ náà yóò lè fara da lílù àti títẹ̀. Bí ó bá kúrú, ibi tí irin ti pàdé èèkù ni ó sábà máa ń ti ṣẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ọ̀bẹ wò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn, kí ó tó lọ sí èyí tí ó le. Bí ó bá kọ́kọ́ fi agbára ṣẹ́ ọ̀bẹ náà, kò sí ohun mìíràn tí ó tún lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Kí ó ní ìwé lọ́wọ́, kí ó máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tí ó bo ojú, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀. Ọmọdé kò gbọdọ̀ dá irú iṣẹ́ yìí ṣe láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò kìíní jẹ́ ti ojú. Kí ó gbé ẹnu ọ̀bẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ẹnu tí ó mú kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ibi tí ó bá ń kọ yẹ̀rì ni ó ti kúnu tàbí tí ó ti hán. Kí ó wò ó bóyá irin náà tọ́, kí ó sì mi èèkù rẹ̀ bóyá ó ń yẹ̀.

Ìdánwò kejì jẹ́ ti gígé. Kí ó fi ọ̀bẹ náà gé bébà, kí ó gbẹ́ igi gbígbẹ ní ìwọ̀n ìgbà tí ó ti kà sílẹ̀, kí ó sì tún padà gé bébà. Bí bébà bá ń fàya dípò kí ó gé, ẹnu ọ̀bẹ ti ń lọ nìyẹn. Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwádìí kan wà tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe irú ìdánwò yìí: ọ̀bẹ á máa gé páálí tí wọ́n ti po ìyẹ̀fun yanrìn mọ́, wọ́n á sì wọn iye tí ó gé. Bí ọ̀nà méjèèjì ti yàtọ̀ tó, ìlànà kan náà ni: kí iṣẹ́ tí a gbé fún ọ̀bẹ kan bá èyí tí a gbé fún èkejì dọ́gba, kí a tó fi wọ́n wé ara wọn.

Ìdánwò kẹta jẹ́ ti lílà. Kí ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé orí igi gbígbẹ tí kò ní kókó, kí ó sì fi kùmọ̀ onígi lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lo òkúta tàbí òòlù onírin. Fún ọ̀bẹ tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, igi náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, kí ṣóńṣó ọ̀bẹ lè yọ síta fún kùmọ̀. Lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan, kí ó tún yẹ ẹnu ọ̀bẹ àti èèkù wò.

Ìdánwò kẹrin jẹ́ ti títẹ̀. Kí ó gún ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ inú igi díẹ̀, kí ó sì rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́. Irin tí iná rẹ̀ bá mu yóò tẹ̀ díẹ̀, yóò sì tún padà tọ́. Èyí tí ó rọ̀ jù yóò wọ́, kò sì ní padà. Èyí tí ó le jù yóò ṣẹ́. Kì í ṣe kí ọ̀bẹ ṣẹ́ ni à ń wá. Kí a mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ ti dúró ni.

Ìdánwò karùn-ún jẹ́ ti ìpẹtà. Kí ó fi ọ̀bẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó má sì nù ún títí di òwúrọ̀. Irin kábọ́ọ̀nù yóò dúdú, ó sì lè dípẹtà. Irin tí ó ní kúrómíọ̀mù tó ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fara dà á dáradára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi iyọ̀ lè ba òun náà jẹ́ bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò, ìdájọ́ ló kù, ó sì yẹ kí ìdájọ́ náà jẹ́ òdodo. Ìrù irin Companion kò gba inú èèkù já, irin rẹ̀ kò sì nípọn. Fún gígé àti gbígbẹ́, irin fẹ́ẹ́rẹ́ yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀, nítorí pé kì í há sínú igi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í wú gbòǹgbò, tàbí tí ó fi í la igi ńlá lójoojúmọ́, ti gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí: wọ́n ṣe òmíràn tí ń jẹ́ Garberg, tí ó nípọn tó mílímítà 3.2, tí ìrù rẹ̀ sì gba inú èèkù já, owó rẹ̀ sì ju ti Companion lọ púpọ̀. Kí a sì rántí pé ọ̀bẹ kan kò lè jẹ́rìí fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀; ẹni tí ó bá dán méjì tàbí mẹ́ta wò ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìlànà yìí wúlò fún ọ̀bẹ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ń rọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo irin sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti gbó, èyí tí í ṣe irin tí ó yi. Àwọ̀ iná lára irin ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ó ti gbóná tó, nítorí náà ọ̀bẹ méjì láti inú agbẹ̀dẹ kan náà lè má rí bákan náà. Ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tí ó bá dán tirẹ̀ wò nílé kò ní bá ẹnu híhán pàdé nínú igbó.

Owó kékeré kì í ṣe àbùkù ọ̀bẹ, owó ńlá kì í sì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí a ti mọ agbára àti àìlera rẹ̀, tí à ń pọ́n, tí à ń nù gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, sàn ju olówó iyebíye tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò lọ.

Àwọn Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín irin tí ó le àti irin tí ó yi?
2. Kí nìdí tí ọ̀bẹ Mora kò fi wọ́n?
3. Ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí ìdánwò tí ó rọrùn ṣáájú èyí tí ó le.
4. "Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá." Báwo ni òwe yìí ti bá ẹ̀kọ́ yìí mu?
5. Kọ àròkọ kan lórí bí ènìyàn ṣe lè dán ohun èlò mìíràn wò kí ó tó fi ṣe iṣẹ́.