Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Kéré Jù Ni Kí Ẹ Fi Gun Òkè

Odòde, Ìdànrè,
Oṣù Kọkànlá.

Àkànní ọmọ mi,

 

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù níjọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní bí ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, ìdí fóònù ni àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, àti pé o ti ń ṣírò owó tí ẹ ó fi lọ sí Èkó kí wọ́n lè rí nǹkan wò. Ọmọ mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti ń gbé Àkúrẹ́. Láti ilé rẹ dé ọ̀dọ̀ mi kò gbà tó wákàtí kan nínú ọkọ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ kò tíì fẹsẹ̀ kan Òkè Ìdànrè rí. Ẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ìyà fi kọ́ mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi wà ní kékeré, mo mú wọn gun òkè yìí nínú oṣù Keje. Ọ̀sán la tó gbéra, mo wá ń sáré níwájú, mo ń pariwo pé kí wọ́n yára. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, rí aláǹgbá kan tó ń mi orí lórí àpáta, ó ní kí a dúró wò ó. Mo fà á lọ́wọ́. A dé òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, a ò rí nǹkan kan. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òjò dé, ọmọ náà yọ̀, ó fi orúnkún lu òkúta. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Òun náà ti di bàbá ọmọ báyìí. Bí mo bá bi í léèrè ohun tó rántí nípa ọjọ́ náà, aláǹgbá yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ọmọ tó kéré jù nínú yín ni kí ẹ fi gun òkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ má fo ọ̀kankan. Bí àbíkẹ́yìn rẹ bá jókòó, kí gbogbo yín jókòó. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, kí ẹ wo bí òrùlé páànù ìlú ṣe ń kéré sí i nísàlẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé dìde dúró kò lè rí i. Lórí àtẹ̀gùn yìí, jẹ́ kí ọmọdé náà jókòó kó rí i.

Ẹ gbéra ní ìdájí, nítorí bí oòrùn bá mú tán, àpáta á gbóná bí agbada orí iná. Kí oníkálukú wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ gba ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn yín. Ibi tó bá ní ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ibi ọ̀wọ̀ pọ̀ lórí òkè náà.

Ìlú ni ẹ ó bá lókè. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pè é látijọ́, àpáta sì ni odi rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí ránṣẹ́ sí UNESCO, pé ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n má kà á fún wọn bí olùkọ́. Bi àkọ́bí rẹ pé, "Bí ìyá rẹ bá rán ọ lọ ra iyọ̀ nísàlẹ̀, ṣé wàá padà dé kí ọbẹ̀ tó jiná?" Kó dá a rò fúnra rẹ̀.

Sọ fún wọn pẹ̀lú pé irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé òkè Ìdànrè nìkan la ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Lásìkò òjò, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀; ara àpáta tí omi ń ṣàn lé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i mọ́, kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín padà wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ orúkọ sára òkúta.

Bí ẹ bá rí patanmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka kan án kí ewé rẹ̀ pa dé, kí wọ́n sì dúró títí yóò fi là padà. Àsìkò kòkó la wà yìí. Mo ní kòkó pípọ́n lóko. Èmi fúnra mi ni n ó là á, kí wọ́n lá funfun dídùn ara èso rẹ̀ kí wọ́n tó tún jẹ ṣokoléètì.

N kò ní kí ẹ ju fóònù nù. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì fi í sápò.

Ọmọ tó ń bi ọ́ lónìí pé, "Bàbá, kí nìyí?" kò ní pẹ́ dàgbà, kò sì ní bi ọ́ mọ́. Mú un wá kí ìbéèrè yẹn tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ àgbà ti ní iyán lòun yóò gún dè yín. Sátidé là ń retí yín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.